Ìgbẹ́ Adìẹ Tútù Lórí Bẹ́ẹ̀dì Màmá

Alẹ́ Ọjọ́rú ni mo ti Abẹ́òkúta dé, níbi tí mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mi ò tíì bọ́jú tán tí Màmá fi pè mí láti ẹ̀yìnkùlé.

"Tíṣà! Tíṣà! Jáde wá wo ohun tí ayé fi ojú mi rí."

Màmá kì í ṣe ìyá tó bí mi. Opó tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi nínú ilé tí a jọ ń háyà ní Ìgàǹdó. Gbogbo ilé ló ń pè é ní Màmá. Èmi, Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, nítorí pé mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilẹ̀ tóóró kan wà lẹ́yìn ilé tí baba onílé yọ̀ǹda fún Màmá láti máa gbin ẹ̀fọ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ìyẹn ebè pẹlẹbẹ, ló kọ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ló ń sebẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń tà fún àwọn ará ilé.

Mo sáré jáde lọ bá a. Tẹ̀tẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì méjì ti jó. Etí ewé kọ̀ọ̀kan ti di rúsúrúsú, ó ti ká sókè bí bébà tí wọ́n nà sítòsí iná, ṣùgbọ́n àárín ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé kò mọ ohun tó ń ṣe etí. Àwọn kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ti dùbúlẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, èyí tó sún mọ́ kànga jù, ṣọkọ ń dán ní tirẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á.

"Bílíìṣì ni," Màmá wí. Ó fi ìka na kànga. "Alágbàfọ̀ ló dà á síbẹ̀. Kó o má wulẹ̀ béèrè."

Alágbàfọ̀ ni obìnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Aṣọ àwọn èèyàn ló ń gbà fọ̀, tó ń lọ̀, láti àdúgbò wa títí dé Ìdímù. Ìjọ aláṣọ funfun kan náà lòun àti Màmá ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti jà ní oṣù méjì ṣáájú nítorí omi ọṣẹ tó ń ṣàn gba ìdí bẹ́ẹ̀dì kọjá. Baba onílé ló parí ìjà yẹn, ó sì fi ọ̀rọ̀ kan lé e: bí òun bá tún gbọ́ ẹjọ́ omi ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, alágbàfọ̀ máa kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé òun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún un. Kànga tí kì í gbẹ, àti okùn ìsáṣọ mẹ́fà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ni ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀. Yàrá mìíràn lè wà, ṣùgbọ́n èwo ni wọ́n ti máa jẹ́ kó máa fa omi láti àárọ̀ dalẹ́?

"Mo ti rojọ́ fún baba," Màmá tún wí. "Ó ní ká wá ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi."

"Èmi kẹ̀, mà?"

"Ta ló tún kù? Ta ló mọ ilẹ̀ bí ìwọ nínú ilé yìí? Ìwọ sáà wò ó dáadáa, kí o sọ ohun tí o rí. Baba máa gbọ́ tìrẹ."

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mi ò kọ́ ọ níbì kankan. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni tòmátì tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà márùn-ún kú lẹ́ẹ̀kan náà, inú sì bí mi. Yanrìn tí àwọn kọ́lékọ́lé kó dà sẹ́yìn ilé ni ilẹ̀ wa, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ló kún inú rẹ̀. Bí o bá da omi sí i, ó ti gbé e mì. Bí o bá fi máa padà dé, ó ti gbẹ bí ẹni pé o ò débẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, mò ń wo fídíò, mò ń dúró ti àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, mò ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí tí wọ́n á fi máa sá fún mi.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ajílẹ̀. Agbọ̀n ìgbẹ́ adìẹ kan, agbọ̀n ewé gbígbẹ mẹ́ta. Ewé máńgòrò dára, ṣùgbọ́n àfi kí o kọ́kọ́ fi àdá gé e wẹ́wẹ́, nítorí odidi ewé máńgòrò máa ń lẹ̀ mọ́ra bí ojú ìwé tí omi dà sí, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà háhá àgbàdo, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ẹran, kò gbọdọ̀ sí ẹja, nítorí eku. Kí omi rẹ̀ mọ níwọ̀n: tí o bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí o fún un, kí ó má ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ tó máa kán sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹta, òkìtì náà á gbóná. Mo ní ọ̀pá irin kan tí mo máa ń kì bọ àárín rẹ̀. Tí mo bá ka igba kí n tó fà á yọ, tí mi ò sì lè dì í mú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni mo máa ń fi ṣọ́bìrì yí i, kí èyí tó wà níta lè wọ inú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ooru rẹ̀ á lọ, òórùn rẹ̀ á lọ, ohun tó kù á dúdú, á máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́wọ́, òórùn ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló máa ń ní. Gbogbo ọ̀nà yìí ni ìgbẹ́ adìẹ tútù gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó kan ìdí ẹ̀fọ́. Bí kò bá gbà á, jíjó ló máa jó o.

Baba onílé kò kọ́kọ́ fẹ́. Àwa ará Ìgàǹdó, tí ààtàn ńlá ìjọba wà nítòsí wa, mọ ohun tó ń jẹ́ ààtàn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí atẹ́gùn máa ń gbé òórùn rẹ̀ wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa. "Tìta ò tíì tán nímú mi," ni baba wí, "ìwọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tìrẹ nínú ilé mi?" Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó gbà, ó ní lọ́jọ́ tí òkìtì náà bá dá wàhálà sílẹ̀, ọjọ́ náà ni n óò kó o kúrò. Àwọn ará àdúgbò sọ mí ní Ìyá Ààtàn. Ẹ̀fọ́ Màmá ló gba orúkọ yẹn kúrò lẹ́nu wọn, nígbà tí tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga dé orúnkún.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀ sídìí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀. Wọ́n ní kí n wò ó, mo sì fẹ́ wò ó bó ṣe yẹ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí kò bá ọ̀rọ̀ bílíìṣì mu. Bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ kànga jù, tí omi ọṣẹ ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, òun gan-an ni ohunkóhun kò ṣe. Bẹ́ẹ̀dì méjì tó jìnnà ló jó. Bílíìṣì tí wọ́n bá dà sí ewé, ààmì tó-tò-tó funfun ló máa ń fi síbi tó bá kàn. Kì í tọ etí ewé yíká bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an. Ohun tó bá gba gbòǹgbò wọlé ló máa ń jó etí ewé. Mo fi ìka wa ilẹ̀. Ìka mi kan nǹkan rírọ̀. Mo gbé e sókè: ìṣù ìgbẹ́ adìẹ tí eérún pákó funfun ṣì wà nínú rẹ̀, ó tutù, ó sì ta mí nímú bí ìtọ̀ ìjẹta.

"Màmá," mo ní, "ṣé ẹ ti lo ìgbẹ́ adìẹ tó wà nínú àpò yẹn ni?"

"Mo ti lò ó. Àpò kan fún bẹ́ẹ̀dì kan. Méjì péré lo fún mi, ìyẹn ni kò fi kan ti ṣọkọ." Ó wò mí. "Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa lò ó?"

Òótọ́ ni pé kí n tó lọ Abẹ́òkúta, mo ra àpò ìgbẹ́ adìẹ mẹ́fà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ ẹlẹ́yin ní Ìdímù. Mo fún Màmá ní méjì, mo ní n óò ṣe é fún un tí mo bá dé. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rántí. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí fóònù.

Màmá ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kẹta tí mo dé Abẹ́òkúta: "Tíṣà mi, ìgbẹ́ adìẹ yìí, ṣé kí n máa lò ó báyìí àbí kí n ṣì dúró? Àwọn tẹ̀tẹ̀ yìí ti ń pọ́n lójú." Mo rántí ìgbà náà. Ọmọ àbúrò mi wà léjìká mi, ó ń ké, ìka kan ṣoṣo ni mo fi tẹ èsì. Èsì náà nìyí, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀:

E kaaro ma. E ma lo tutu ma. Mo n bo laipe.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: Ẹ má lo tútù, mà. Ohun tí Màmá kà ni pé: Ẹ máa lo tútù, mà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo ṣe ń kà á sí i ni ti Màmá ń tọ̀nà ju tèmi lọ.

Ohun tó tọ́ ni kí n jáde lójú ẹsẹ̀ kí n sọ fún un. Mi ò jáde. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mò ń rò ó pé baba onílé máa ní kí n kó òkìtì mi kúrò, pé òkìtì tí mo ti yí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kó pé, máa lọ sí ìdí ọkọ̀ ìkólẹ̀. Mò ń rò ó pé wọ́n á tún máa pè mí ní Ìyá Ààtàn. Lẹ́yìn náà ni èrò kan tó burú ju ìyẹn lọ wá sí mi lọ́kàn: bóyá omi ọṣẹ náà ní ọwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bóyá àwa méjèèjì la jọ jẹ̀bi.

Mo wá agolo mílíìkì mẹ́ta. Mo bu ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tó jó sínú èkíní. Mo bu ilẹ̀ ẹ̀bá kànga, níbi tí omi ọṣẹ ti rin ín gbingbin, sínú èkejì. Mo bu ti ṣọkọ sínú ẹ̀kẹta. Mo rẹ ẹ̀wà sómi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbin hóró márùn-ún márùn-ún sínú agolo kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n sójú fèrèsé. Ẹ̀wà kì í pẹ́ yọ gbòǹgbò. Bí ti inú agolo kejì bá kọ̀ láti yọ, mo ní nǹkan tí mo lè sọ lọ́jọ́ Sátidé tí ojú ò fi ní tì mí pátápátá. Mi ò lè pè é ní orúkọ mìíràn: ẹ̀bi alágbàfọ̀ ni mò ń wá.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ pọnmi. Alágbàfọ̀ wà níbẹ̀, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ dé ìgúnpá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí."

"Òo. Tíṣà, ẹ̀rí rẹ ti pé àbí ó ṣì kù díẹ̀?"

"Ẹ̀rí kẹ̀?"

"Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ní o ti bu ilẹ̀ sínú agolo, ò ń yẹ̀ ẹ́ wò bí dókítà tó ń yẹ ìtọ̀ wò." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò bá a rín in. "Mo ti bá ọṣẹ jà. Mo ti bá àbàwọ́n epo pupa jà. Mo ti bá ọkọ ìyàwó tó ní agbádá òun súnkì jà. Tẹ̀tẹ̀ nìkan la ò tíì jọ ní gbólóhùn asọ̀ rí."

Mo ju korobá sínú kànga. Okùn náà ń sá lọ́wọ́ mi.

"Mo lọ wo yàrá kan ní àdúgbò Pleasure lánàá," ó wí, bí ẹni tó ń bá aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Yàrá náà dára. Omi rírà ni wọ́n ń lò. Mo bi obìnrin tó mú mi débẹ̀ pé, ibo ni ẹ ń sá aṣọ sí? Ó ní inú yàrá, lábẹ́ fáànù." Ó fún ṣẹ́ẹ̀tì náà, omi rẹ̀ ya sílẹ̀. "Mo ti di àwọn ìkòkò mi, kó má di pé wọ́n á bá mi dì í."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo ní, "Àǹtí." Ó gbójú sókè. Mo ní, "Ẹ má ṣe tíì di ìyókù." Ó ń wò mí, ó ń dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Mo fa omi mi jáde, mo gbé e, mo wọlé.

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó ku wákàtí mẹ́ta, mo da agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà. Nínú ilẹ̀ ṣọkọ, gbogbo ẹ̀wà márààrún ló ti yọ gbòǹgbò. Nínú ilẹ̀ omi ọṣẹ, mẹ́rin nínú márùn-ún ti yọ, gbòǹgbò wọn funfun, ó tó ìdajì ìka ọmọdé ní gígùn. Nínú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ adìẹ wà, kò sí ìkankan. Wọ́n ti rọ̀, wọ́n ń rùn. Mo jókòó ti bébà yẹn títí èrùpẹ̀ orí rẹ̀ fi gbẹ. Ó ti tán. Kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀.

Fàràńdà baba onílé ni a jókòó sí. Baba wà lórí àga rẹ̀, dígí ojú rẹ̀ wà níwájú orí. Màmá wọ aṣọ dáadáa bí ẹni tó ń lọ kóòtù. Alágbàfọ̀ kò jókòó. Ó fara ti òpó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ti oṣù méjì sẹ́yìn, ó sọ ti omi ọṣẹ, ó ní nígbà tí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin yìí kì í kí òun dáadáa mọ́. Ó ní ta ló tún ní bílíìṣì nínú ilé?

"Bílíìṣì!" Alágbàfọ̀ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Baba, ẹ gbà mí. Èmi tí mò ń fi ọmọrí wọn bílíìṣì bí oògùn ikọ́, èmi ni n óò wá dà á sórí tẹ̀tẹ̀? Ṣé mo fẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ funfun ni?"

"Dákẹ́ ná," baba wí. Ó kọjú sí mi. "Tíṣà. Wọ́n ní o ti wò ó. Kí lo rí?"

"Kì í ṣe bílíìṣì, sà."

Màmá yíjú sí mi wàràwàrà.

"Kí wá ni?"

"Ìgbẹ́ adìẹ ni, sà. Ó ṣì tútù. Kò tíì jẹrà tí wọ́n fi lò ó, ó sì jó gbòǹgbò. Omi ọṣẹ kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo gbin ẹ̀wà sínú ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ti ń dà sí, ó hù."

"Ìgbẹ́ adìẹ tí ìwọ fúnra rẹ rà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tíṣà!" Màmá ti dìde. "Ìwọ lo ní kí n máa lò ó! Mi ò fẹ́ fi ọ́ sí i tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú fóònù mi." Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ fóònù, ó wá ọ̀rọ̀ náà títí, ó nà án sí baba.

Baba fa dígí rẹ̀ wálẹ̀. Ó kà á sókè, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń ka Bíbélì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ máa lo tútù, mà. Mò ń bọ̀ láìpẹ́." Ó gbójú sókè. "Ó tọ́. Ó ní kí o máa lò ó."

"Ẹ má ni, sà," mo wí. "Ẹ má lo tútù."

"Ibo lo kọ ìyẹn sí?"

"Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, sà."

"Èmi ò ka ọkàn rẹ, fóònù ni wọ́n gbé fún mi." Ó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí ó fi ohùn kejì kà á, orí rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀. "Ẹ má lo. Ẹ máa lo. Háà. Ìwọ tí ò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní dò-rè-mí?"

Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá a padà fún Màmá.

"Ẹ jẹ́ kí n bi í," Màmá wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Tíṣà, ohun tó tútù, ṣé ó máa ń jó nǹkan ni? Ká ní o kọ ọ́ pé ó gbóná, ǹ bá ti bẹ̀rù. O kọ tútù. Mo ní àánú ilẹ̀ ló ń ṣe ọmọ yìí, ó fẹ́ kí ara tù ú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé tútù tí mo ní lọ́kàn ni ti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ara adìẹ jáde, pé ìgbà tó bá ṣì tútù bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbára tó ń jóni wà nínú rẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ gbóná nínú òkìtì kí ó tó wá tutù ní tòótọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń gbọ́ ara mi. Baba na ọwọ́ sókè.

"Ó ti tó. Alágbàfọ̀, o ò lọ síbì kankan. Màmá, ẹjọ́ rẹ kì í ṣe ti omi ọṣẹ. Tíṣà, ààtàn rẹ—"

"Baba, ẹ dákun." Alágbàfọ̀ ti kúrò lẹ́bàá òpó. Èmi ló ń wò. "Tíṣà, ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè ní òní ni. Bébà tí mo da agolo sí lọ́sàn-án ṣì wà nínú yàrá mi, mo lè tọ́ka sí i.

"Láti Ọjọ́bọ̀, àǹtí. Ní àárọ̀."

"Ọjọ́bọ̀." Ó fi ìka kà á. "Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, Sátidé. Lánàá tí o wá pọnmi, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Tí mò ń sọ ti yàrá Pleasure fún ọ."

Alágbàfọ̀ kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Ó kí baba, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Baba kò parí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nípa òkìtì mi. Ó wò mí, ó ṣí dígí rẹ̀ sókè, ó ní, "Láti òní lọ, tí o bá ní ọ̀rọ̀ láti bá àgbàlagbà sọ, pè é, kí o fi ẹnu sọ ọ́," ó sì wọlé.

Mo lọ bá alágbàfọ̀. Ìkòkò rẹ̀ mẹ́ta wà nínú àpò, wọ́n ti fi okùn so ó lẹ́nu. Ó ń tú ìdì aṣọ kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a tú okùn àpò náà.

"Fi sílẹ̀," ó wí. "Mo mọ bí mo ṣe dì í."

Mo fi sílẹ̀. Mo mú ṣọ́bìrì, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gba ilẹ̀ tó bá rí báyìí là. Èèyàn gbọ́dọ̀ ha gbogbo ìgbẹ́ tó bá ṣì hàn lójú kúrò, láìgbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ó sì da omi tó pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí tí omi á fi fọ iyọ̀ tí ìgbẹ́ náà tú sílẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò dé. Korobá ogún fún bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu ọ̀nà alágbàfọ̀ sì ni kànga wà. Nígbàkígbà tí mo bá lọ fa omi, mo ń rí i tó ń to ìkòkò padà sórí pẹpẹ, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo ti da tó korobá mẹ́rìndínlógún nígbà tí Màmá jáde. Ó ti bọ́ aṣọ dáadáa rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà alágbàfọ̀. Kò wọlé.

"Ṣé o ti ń tú ẹrù náà?"

"Mo ń tú u, mà."

Màmá fi ẹsẹ̀ gbá ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀, bí ẹni tó ń lé adìẹ. "Ẹnu mi ló yá," ó wí níkẹyìn. "Mi ò rí ọ níbẹ̀, mo sì ní ìwọ ni."

"Mo gbọ́, mà."

"O gbọ́, àbí o ti gbà?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tò ó tán, mà."

"Ó dáa." Màmá kò kúrò. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà, ó kọjú sí àwọn okùn aṣọ, ó ń dúró.

Mo fa korobá kẹtàdínlógún, mo gbé e gba iwájú àwọn méjèèjì kọjá, mo dà á díẹ̀díẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀, mo sì dúró kí omi náà wọlẹ̀ tán kí n tó padà lọ fa òmíràn.